Ife amọ̀ olójú èèyàn: Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ontajà kí ẹ tó rà á ní Wadata



Ọ̀rọ̀ ife ni ọ̀rọ̀ òní. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù o, ife tí èèyàn fi ń mu nǹkan ni.

Àwọn kan wà káàkiri àgbáyé tí wọ́n ń kó ife amọ̀ jọ, bí àwọn mìíràn ṣe ń kó sítáǹpù tàbí owó àtijọ́ jọ. Ife lásán kọ́ ni wọ́n ń wá. Èyí tí wọ́n mọ bí orí èèyàn, bí ẹranko tàbí bí ère ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì lè tìtorí ẹyọ kan ṣoṣo rìnrìn àjò lọ sílùú mìíràn.

Ẹni tó bá ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì dé Wadata nílùú Niamey, tó jẹ́ olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, yóò rí i pé ilẹ̀ tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ amọ̀ dunjú lòun wà. Ṣùgbọ́n Niger yìí kan náà ni ilẹ̀ tí àwọn èèyàn àtijọ́ ti mọ ìkòkò olójú èèyàn sórí sàréè àwọn òkú wọn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun amọ̀ tí wọ́n mọ láti tà, àti èyí tí wọ́n hú lórí sàréè, ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Lójú ẹni tí kò mọ̀, amọ̀ kan náà ni. Àmọ́ ọ̀kan ń bọ́ ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́, èkejì ń ba ìtàn odindi àwọn èèyàn jẹ́.

Níbo ni àṣà kíkó ife olójú ère jọ ti gbilẹ̀?

Ìlú Amẹ́ríkà ni. Lọ́dún 1933, ìjọba ibẹ̀ fagi lé òfin tó ti ka ọtí léèwọ̀ fún nǹkan bí ọdún 13.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ernest Gantt, tó padà yí orúkọ rẹ̀ sí Donn Beach, ṣí ilé ọtí kékeré kan ní Hollywood. Don the Beachcomber ni wọ́n mọ ilé ọtí náà sí. Ọparun, àwọ̀n apẹja àti ère onígi ló fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kó lè dà bí ẹni pé erékùṣù kan láàárín òkun Pàsífíìkì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ jókòó sí.

Lọ́dún 1934, Victor Bergeron náà ṣí tirẹ̀ nílùú Oakland, ní ìpínlẹ̀ California. Ilé ọtí yìí ló padà di Trader Vic's. Bergeron sọ pé òun lòun kọ́kọ́ po ọtí Mai Tai lọ́dún 1944, ìyẹn ọtí ìrèké tí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti jà ní Pàsífíìkì padà sílé pẹ̀lú ìtàn àwọn erékùṣù náà. Nígbà tó fi máa di 1959 tí Hawaii di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àṣà yìí ti gbòde kan.

Àwọn ilé ọtí wá ń bu ọtí sínú ife amọ̀ tí wọ́n mọ bí ère àwọn ará erékùṣù. 'Ife tiki' ni wọ́n ń pè é. Japan ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀. Oníbàárà á mu ọtí tán, á sì gbé ife náà lọ sílé fún ìrántí.

Àṣà náà rọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, kó tó tún sọjí ní àwọn ọdún 1990. Lọ́dún 2000, Sven Kirsten gbé ìwé kan jáde lórí rẹ̀ tó ń jẹ́ The Book of Tiki. Ọdún yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ Tiki Farm, tó wà ní California, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife tuntun jáde.

Lónìí, nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń kó irú ife yìí jọ máa ń ṣe ni pé á dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìdí ife ló ń wò. Ibẹ̀ ni orúkọ ilé ọtí tàbí ti ẹni tó ṣe é máa ń wà. Ife tó ní orúkọ nídìí máa ń níyì ju èyí tí kò ní lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdí ife yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Kí ni 'tiki' gan-an?

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Polynesia ni. Láàárín àwọn Māori tó wà ní New Zealand, àwọn ìtàn kan sọ pé Tiki ni ọkùnrin àkọ́kọ́ láyé. Orúkọ náà ni wọ́n tún ń pe ère tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán èèyàn. Ní àwọn erékùṣù Marquesas náà, ère tiki kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó jẹ mọ́ àwọn baba ńlá àti àwọn òrìṣà wọn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan láti àwọn erékùṣù náà fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ife yìí dun àwọn. Àwòrán baba ńlá wọn ni wọ́n fi ń mu ọtí, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ère inú ife náà kò tiẹ̀ jọ ti erékùṣù kankan. Wọ́n mú ojú láti ibì kan, wọ́n mú ẹnu láti ibòmíràn, wọ́n sì pa á pọ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kó gbé e wá sílé.

Ẹ jẹ́ ká ní iléeṣẹ́ kan ní òkè òkun mọ ojú Ọbàtálá sára ife ọtí. Ọbàtálá tí ìtàn Yorùbá sọ pé òun ló ń fi amọ̀ mọ èèyàn. Ọbàtálá tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Kò pọn dandan kí èèyàn jẹ́ oníṣẹ̀ṣe kó tó mọ̀ pé ẹni tó ṣe irú ife bẹ́ẹ̀ kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí kò sọ pé ẹni tó ní ife tiki nílé ti dẹ́ṣẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé àwòrán ní ẹni tó ni ín, àti pé ẹni tó ń kó nǹkan jọ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ohun tó gbé sórí tábìlì rẹ̀.

Ìkòkò olójú èèyàn kò ṣàjèjì sí Yorùbá

Láàárín ọdún 1971 sí 1972, awalẹ̀pìtàn Peter Garlake walẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ Ọbalára ní Ilé-Ifẹ̀. Lára ohun tó rí níbẹ̀ ni ìkòkò kan tí wọ́n mọ oríṣiríṣi àwòrán sí lára, tí wọ́n sì rì mọ́lẹ̀ láàárín àpáàdì tí wọ́n tò pọ̀ bíi ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan mímu sílẹ̀ fún irúnmọlẹ̀ ni.

Ní Òkè-Ọ̀dàn, nílẹ̀ Yewa tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, ìyá kan tó ń jẹ́ Àbátàn gbajúmọ̀ fún awo ọta Ẹ̀yìnlẹ̀. Ìkòkò tó ní ọmọrí ni, orí ọmọrí náà ni ó sì máa ń mọ ère obìnrin sí. Omi odò àti ọta ni àwọn olùsìn Ẹ̀yìnlẹ̀ ń kó sínú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ìyá náà lọ́dún 1969. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn, orúkọ Àbátàn kò sọnù bíi ti ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò mìíràn.

Kò sẹ́ni tó máa fi irú awo bẹ́ẹ̀ bu omi mu. Tí ẹmu bá délẹ̀, ahá wà, igbá wà. Omi mímu ní àmù tirẹ̀. Yorùbá ti ya ohun èlò ilé àti ohun èlò òrìṣà sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́, kálukú ló sì mọ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ẹlòmíràn tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti àárín gbùngbùn Nàìjíríà. Àpẹẹrẹ tirẹ̀ yé ọ̀pọ̀ èèyàn jù, nítorí pé àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà láti ọdún 2007.

Lọ́dún 1954 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò tí Michael Cardew, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìyẹn Suleja òní. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò ilé ẹ̀kọ́ náà ń mọ ife, jọ́ọ̀gì àti ìkòkò tíì. Wọ́n ń fi dígí yíyọ́ pa á lára, wọ́n sì ń tẹ òǹtẹ̀ ibẹ̀ àti àmì ẹni tó mọ ọ́n sí i.

Lónìí, àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńláńlá ní òkè òkun ló ń tọ́jú ìkòkò Ladi Kwali, àmì rẹ̀ sì wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí òǹtẹ̀ kékeré abẹ́ ìkòkò lè ṣe nìyẹn.

Kí ni ẹ máa bá ní Wadata?

Lédè Hausa, 'wadata' ni ọrọ̀ tàbí ànító. Àdúgbò ọjà ni Wadata. Ọ̀kan lára àwọn gáréèjì ńlá Niamey wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí àwọn ìlú tó jìnnà. Ibẹ̀ náà ni abúlé àwọn oníṣẹ́ ọnà wà, níbi tí àwọn oníṣẹ́ awọ, àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ti ń ta iṣẹ́ wọn.

Ẹ má retí ife ọtí níbẹ̀. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jùlọ èèyàn Niger. Omi tútù, wàrà, fúrá àti tíì ni ohun mímu tó gbajúmọ̀. Ife dígí kéékèèké ni wọ́n fi ń mu tíì, ìpele mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń sè é, èyí tó tẹ̀lé ń dùn ju èyí tó ṣáájú lọ. Igbá ni ti wàrà. Ìkòkò amọ̀ ni ti omi, nítorí pé ara rẹ̀ ń mí: omi díẹ̀ ń jò jáde sí ara ìkòkò, atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́, èyí tó kù nínú á sì tutù láìlo iná mọ̀nàmọ́ná.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó ohun èlò ìmumi jọ ní Niamey, igbá tí wọ́n fín, ṣíbí onígi tí wọ́n fi ń bu wàrà, àti ìkòkò amọ̀ ló máa wá.

Ìlú tí wọ́n sì ń dárúkọ jù tó bá di ọ̀rọ̀ ìkòkò ni Boubon, abúlé kan létí odò Ọya, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Niamey. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọjà wọn. Àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò níbẹ̀, ìyá ń kọ́ ọmọ. Wọn kì í lo kẹ̀kẹ́ ìmọ̀kòkò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú tó fi ń yípo, oòrùn ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́, ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń fi iná sun ún. Ẹ máa rí èyí tó pupa, tí wọ́n fi àwọ̀ funfun àti dúdú fín lára.

Mùsíọ́ọ̀mù Boubou Hama, tí wọ́n ṣí ní Niamey lóṣù Kejìlá ọdún 1959, náà fàyè gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti máa ṣiṣẹ́ nínú ọgbà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àtijọ́ àti iṣẹ́ òde òní, ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ yà sí kó tó gbé owó lọ sọ́jà.

Ọjà kò sì rọrùn fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí. Láti ìgbà tí ológun ti gbàjọba ní Niger lóṣù Keje ọdún 2023, ẹnubodè ti di ìṣòro, ọ̀pọ̀ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè sì ti kìlọ̀ fáwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n má lọ síbẹ̀ nítorí ètò ààbò. Oníbàárà láti Nàìjíríà, Benin tàbí Togo tó bá yà ra ìkòkò kan, owó gidi ló fi sọ́wọ́ ìyá kan.

Ìkòkò Bura: Olójú èèyàn tí kì í ṣe ti ọjà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lágbára rèé.

Lọ́dún 1975, wọ́n ṣàwárí ibì kan ní Bura, ní agbègbè Tillabéri tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Niger. Lọ́dún 1983, àwọn awalẹ̀pìtàn Niger lábẹ́ Boubé Gado bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ níbẹ̀. Ibi ìsìnkú ni.

Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n bá lórí àwọn sàréè náà, tí wọ́n dojú wọn délẹ̀. Àwọn kan gùn bí ọ̀pá, àwọn kan rí roboto. Orí èèyàn wà lórí àwọn kan, òmíràn sì jẹ́ ọkùnrin tó gun ẹṣin, tòun ti ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìjánu ẹṣin rẹ̀. Wọ́n tún bá irin ṣóńṣó ẹnu ọfà pẹ̀lú wọn.

Láàárín ọ̀rúndún kẹta sí ìkẹtàlá ni àwọn onímọ̀ fojú bù pé àwọn tó ṣe é gbé ayé. Wọn kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Àwọn ìkòkò yìí ni ìwé wọn.

Lọ́dún 1993, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàtẹ ńlá kan nílùú Paris tí wọ́n pè ní Vallées du Niger, tí wọ́n sì gbé káàkiri àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn náà. Ìpàtẹ náà fi ẹwà iṣẹ́ Bura han gbogbo ayé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú àwọn onímọ̀ ṣe là, bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn oníṣòwò là. Àwọn tó ń walẹ̀ lọ́nà àìtọ́ ya bo àwọn ibi ìsìnkú, wọ́n ń hú orí amọ̀, wọ́n sì ń tà á fún ẹni tó máa gbé e kọjá òkun.

Yorùbá máa ń fi ọ̀rọ̀ kan tu ara wọn nínú: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ní ti Bura, agbè gan-an ló fọ́. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn bá gbé ìkòkò, ó ti kọ ibi tó wà sílẹ̀, bó ṣe jìn tó, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ bóyá ọlọ́lá ni òkú náà, bóyá jagunjagun ni, àti ìgbà tó gbé ayé. Ẹni tó fi ọkọ́ hú u lóru kò kọ nǹkan kan. Bí ọlọ́pàá tiẹ̀ gba ìkòkò náà padà lọ́la, ìtàn rẹ̀ kò lè padà.

Òfin wo ló de ọ̀rọ̀ yìí?

Lọ́dún 1970, UNESCO ṣe àdéhùn kan láti gbógun ti kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá ẹnubodè lọ́nà àìtọ́. Niger ṣe òfin tirẹ̀ lórí ààbò àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà lóṣù Kẹfà ọdún 1997.

Lọ́dún 2000, ICOM, ìyẹn àjọ àwọn mùsíọ́ọ̀mù lágbàáyé, gbé orúkọ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tó wà nínú ewu jùlọ jáde. Bura wà níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa náà wà níbẹ̀: ère amọ̀ Nok, ère amọ̀ àti ti idẹ Ifẹ̀, àti ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara.

Torí náà, ẹni tó ń da orí rú nítorí orí Ifẹ̀ tó wà lókè òkun, tó wá lọ ra orí Bura ní kọ̀rọ̀, ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i ló ń ṣe sí aládùúgbò rẹ̀.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ńlá kò lè ṣìṣe. Ìjọba Faransé gan-an ra ère amọ̀ mẹ́ta tó wá láti Nàìjíríà, méjì láti Nok àti ọ̀kan láti Sókótó, fún mùsíọ́ọ̀mù tuntun kan ní Paris. Nígbà tí ariwo ta, wọ́n jókòó ṣàdéhùn lọ́dún 2002. Faransé gbà pé Nàìjíríà ló ni wọ́n, Nàìjíríà sì gbà láti yá wọn fún ọdún 25.

Ṣé kí èèyàn má wá ra nǹkan kan mọ́ ni?

Rárá o. Ohun amọ̀ olójú èèyàn tí wọ́n mọ láti tà fún àlejò kì í ṣe ẹ̀gàn.

Ẹ wo àwọn Mangbetu ní àríwá ìlà oòrùn Congo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ń mọ ìkòkò tó ní orí èèyàn, pẹ̀lú irun dídì gíga àwọn obìnrin wọn. Àwọn olóyè fi ń ta àlejò lọ́rẹ, àwọn Òyìnbó tó dé síbẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Àwọn aṣojú mùsíọ́ọ̀mù ìṣẹ̀dá ti New York tó wà ní Congo láàárín 1909 sí 1915 kó ọ̀pọ̀ lọ. Bí àwọn àlejò ṣe ń béèrè ni àwọn amọ̀kòkò ń mọ̀ ọ́n sí i.

Àwọn kan lè sọ pé nǹkan àlejò ni, kì í ṣe ojúlówó. Ṣùgbọ́n amọ̀kòkò tó ṣe é mọ̀ ọ́n ṣe, ó fẹ́ ṣe é, ó sì mọ̀ pé yóò kúrò nílé. Kò sí òkú tí wọ́n jà lólè. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè márùn-ún tó yẹ kí ẹ béèrè

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń fẹ̀sùn kan àwọn ontajà Wadata. Ọjà iṣẹ́ ọwọ́ tó ń wáyé ní gbangba ni tiwọn. Àwọn ìbéèrè yìí wúlò níbikíbi, ì báà jẹ́ Niamey, Cotonou, Èkó tàbí London.

1. Ta ló mọ ọ́n? Ontajà tó ra ìkòkò lọ́wọ́ amọ̀kòkò lè dárúkọ abúlé, nígbà míì á dárúkọ ìyá tó ṣe é. Tí ìdáhùn bá jẹ́ 'àwọn àgbà kan' lásán, ẹ tún un béèrè.

2. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ẹni tó ń ta iṣẹ́ tuntun kò ní ohun tó ń fi pamọ́. Tí wọ́n bá sọ pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, ọ̀nà méjì péré ló kù: bóyá irọ́ ni, bóyá olè ni. Kò sí èyí tó yẹ kí ẹ san owó fún.

3. Kí ni wọ́n ṣe é fún? Omi ni, wàrà ni, ọ̀ṣọ́ ni, àbí ètùtù?

4. Ṣé ìyá tó ṣe é lè ṣe òmíràn? Ìbéèrè yìí ló dára jù nínú gbogbo wọn. Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ ààyè lẹ ti ń rà á.

5. Ṣé ẹ lè fún mi ní ìwé ẹ̀rí pé mo rà á? Ìwé tó sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ tuntun ni lè gbà yín lọ́wọ́ àlàyé gígùn lẹ́nubodè tàbí ní pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹrẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi pa ara ìkòkò tuntun kó lè dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú. Ẹ tún ṣọ́ra fún ontajà tó ní kí ẹ tẹ̀ lé òun lọ sínú yàrá ẹ̀yìn. Iṣẹ́ tó mọ́ kì í sá fún oòrùn.

Ṣé ẹ lè fi mu nǹkan?

Kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ ife ni ife.

Ìkòkò tí wọ́n sun ní ìta gbangba, tí kò ní dígí lára, máa ń fa omi. Omi mímu dára nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wàrà, ẹmu àti ohun olómi ọsàn á wọ inú amọ̀ náà lọ, á sì máa rùn. Ẹ má fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́, torí á mu ọṣẹ náà.

Ti àwọn ife tó ń dán tún yàtọ̀. Àwọn àwọ̀ àti dígí tí wọ́n fi ń pa ife amọ̀ lára láyé àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ohun kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí tó kan ló sì máa ń fa òjé jáde jù. Òjé léwu, pàápàá fún ọmọdé àti aláboyún. Ife àtijọ́ tí ẹ kò bá mọ orírun rẹ̀, orí pẹpẹ ni kó máa wà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ife tàbí ìkòkò náà sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ìka kàn án lára díẹ̀. Èyí tó pé á dún geere. Èyí tó ti sán á dún bí ẹni gbá páálí.

Bí ẹ ṣe lè tọ́jú ohun tí ẹ kó jọ

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìdí ife. Àwọn tó ń kó ife tiki jọ ti mọ̀ pé ife tí kò lórúkọ kò níyì. Ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ilẹ̀ wa kì í tẹ òǹtẹ̀ sí iṣẹ́ wọn, torí pé gbogbo ọjà ló mọ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí ìkòkò bá ti kúrò ní Boubon tó dé Ìbàdàn, ta ló kù tó mọ ọwọ́ náà?

Ẹ̀yin lẹ máa ṣe òǹtẹ̀ náà. Ẹ mú ìwé pélébé kan, kí ẹ kọ orúkọ amọ̀kòkò tó bá gbà kí ẹ kọ ọ́, abúlé rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rà á àti iye tí ẹ san, kí ẹ sì fi sínú ìkòkò náà. Tí ẹ bá ní fóònù, ẹ ní kí ó sọ bó ṣe ṣe é, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó bá fọwọ́ sí i. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ má fà á títí tí iye tí ẹ máa san kò fi ní tó owó igi tí wọ́n fi sun ún. Ná ọjà, àmọ́ rántí pé ìkòkò máa ń fọ́ nínú iná, àti pé èyí tí ẹ gbé lọ́wọ́ ló ń sanwó èyí tó fọ́.

Àwọn tó sin òkú wọn ní Bura kò sí mọ́ láti sọ tẹnu wọn. Kò sẹ́ni tó lè bi wọ́n pé ta ni ọkùnrin orí ẹṣin yẹn. Àmọ́ àwọn ìyá Boubon wà láàyè, wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì wà lọ́jà ní gbogbo Ọjọ́rú. Ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ san owó wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀.